Ìwé Owó Lórí Fóònù àti Owó Tó Ń Gba Báńkì Wọlé: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbẹ̀ Mọ̀

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ gbígbìn, ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú irè oko ni a sábà máa ń bá yín sọ. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni. A fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe máa bèèrè owó ọjà yín, bí owó náà ṣe ń gba báńkì dé ọwọ́ yín, àti bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ní lù yín ní jìbìtì. Àgbẹ̀ tó mọ oko ro tí kò mọ owó gbà, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń ṣe.

ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI ÒKÈ-ÀDÓ

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ Òkè-Àdó n'Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Ìjẹ̀bú, ti fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Ẹ jẹ́ kí á fi ibẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní ìyá kan tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin l'ágbègbè Ọ̀nà-Àrà kó 60 kíréètì ẹyin wá fún oníbàárà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Àdó. Ká ní kíréètì kan jẹ́ 5,000 náírà. Gbogbo owó náà jẹ́ 300,000 náírà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn:

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ mà. Mo ti sanwó o. Ẹ wo fóònù yín."

"Mo rí i, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n 240,000 ló wà níbẹ̀. Ṣé o ṣì ń san ìyókù ni?"

"Rárá mà. Mo ti yọ owó méjìlá tó fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kíréètì méjìlá."

"Kíréètì méjìlá kẹ̀! Ẹyin méjìlá lo sọ fún mi!"

Ta ni ẹ ó dá láre nínú àwọn méjèèjì? Kò sí bí ẹ ó ṣe mọ̀, nítorí kò sí ìwé kankan nílẹ̀. Owó ẹyin méjìlá kò ju 2,000 náírà lọ, nítorí 30 ẹyin ló wà nínú kíréètì kan. Owó kíréètì méjìlá jẹ́ 60,000 náírà. 58,000 náírà ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Ìyẹn tó ra oúnjẹ adìẹ.

Owó ti yára dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé owó kò dé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ di mú nínú gbogbo àlàyé òní nìyí: fóònù lè gbé owó, ṣùgbọ́n ìwé ló ń sọ ohun tí owó náà wà fún.

KÍ NI ÌWÉ OWÓ?

Ìwé owó ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ínfọ́ìsì. Ẹni tó tajà ló ń kọ ọ́ fún ẹni tó rajà, láti fi bèèrè owó. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú rìsíìtì. Ìwé owó ń sọ pé "owó mi tó báyìí ló wà lọ́wọ́ rẹ." Rìsíìtì ń sọ pé "mo ti gba owó náà."

Nǹkan wọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé owó:

1. Orúkọ ẹni tó tà àti orúkọ ẹni tó rà.
2. Ọjọ́ tí ẹ kó ọjà náà fún un.
3. Nọ́ńbà ìwé náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 001, kí ẹ sì máa kà á lọ.
4. Irú ọjà, iye rẹ̀ tàbí ìwọ̀n rẹ̀, àti iye owó ẹyọ kan.
5. Ohun tí ẹ yọ kúrò, bíi ọjà tó bàjẹ́, àti ìdí tí ẹ fi yọ ọ́.
6. Àpapọ̀ owó.
7. Ọjọ́ tó yẹ kí owó wọlé.
8. Orúkọ báńkì yín, orúkọ àkáǹtì àti nọ́ńbà àkáǹtì.

Èyí kì í ṣe àjèjì sí àwọn àgbàlagbà wa tó gbin kòkó. Kí ìjọba tó tú Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká ní ọdún 1986, àgbẹ̀ mọ̀ pé ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n kòkó sí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ìwé náà ni ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ìwé ti kúrò lórí pépà, ó ti bọ́ sórí ẹ̀rọ.

ORÍṢI ÌWÉ OWÓ ORÍ ẸRỌ MÉJÌ

Èkíní ni èyí tí ojú ènìyàn ń kà. Bí ẹ bá kọ ìwé owó, tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà yín lórí WhatsApp, irú èyí nìyẹn. Ó dára púpọ̀, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ nínú yín.

Èkejì ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń kà fúnra rẹ̀. Orúkọ ní àyè tirẹ̀, iye ọjà ní àyè tirẹ̀, owó náà ní àyè tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹni tó rajà á gbà á, á sì fi wé nǹkan méjì: ohun tí wọ́n ní kí ẹ kó wá, àti ohun tí ẹni tó wà ní ilé ìkẹ́rù wọn kọ pé òun gbà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá ara wọn mu, ẹ̀rọ á sọ fún báńkì pé kó sanwó ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, á dá ìwé náà dúró kí ènìyàn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ rí i pé kì í ṣe idán. Ohun tí ìyá ẹlẹ́yin wa ìbá ti ṣe pẹ̀lú bírò ni ẹ̀rọ ń ṣe.

BÍ OWÓ ṢE Ń GBA BÁŃKÌ KỌJÁ

Kí báńkì máa fi ẹ̀rọ san owó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn báńkì ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un láti ọdún 1968. Nílẹ̀ wa níbí, ní àwọn ọdún 1990, ṣẹ́ẹ̀kì ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń sanwó. Bí ṣẹ́ẹ̀kì náà bá wá láti ìlú míràn, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí owó tó bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí kò bá sì sí owó lẹ́yìn rẹ̀, á padà wá.

Ní ọdún 1993, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa (CBN) àti àwọn báńkì yòókù dá ilé iṣẹ́ NIBSS sílẹ̀ láti jẹ́ alárinà láàárín báńkì àti báńkì. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà àkáǹtì di 10 ní gbogbo báńkì. Ní 2011 ni NIBSS bẹ̀rẹ̀ ètò NIP, èyí tí a fi ń ṣe tíránsífà tó ń dé lójú ẹsẹ̀. Ní 2014 ni nọ́ńbà BVN bẹ̀rẹ̀, tó so gbogbo àkáǹtì ẹnì kan pọ̀ mọ́ òun fúnra rẹ̀.

Báyìí ni tíránsífà ṣe ń rìn. Oníbàárà yín á tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín. Báńkì rẹ̀ á gba ọ̀nà NIBSS bi báńkì yín pé, "Ta ló ni nọ́ńbà yìí?" Orúkọ yín á jáde lójú fóònù rẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ sí i, báńkì rẹ̀ á yọ owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, NIBSS á gbé iṣẹ́ náà lọ, báńkì yín á sì kọ owó sí àkáǹtì yín. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ bí nẹ́tíwọ̀kì bá dára. Lẹ́yìn náà ni àwọn báńkì á wá ṣe ìṣirò láàárín ara wọn.

Tíránsífà kọ̀ọ̀kan tó gba ọ̀nà NIP ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Session ID. Ó gùn tó nọ́ńbà 30. Bí owó bá há sójú ọ̀nà, nọ́ńbà yìí ni báńkì yóò fi wá a. Ẹ ní kí oníbàárà yín fi ránṣẹ́ sí yín.

ẸKỌ́ FATILÁÍSÀ ỌDÚN 2012

Bóyá ẹ ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lèyí. Rárá o. Àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ti wà nínú ẹ tipẹ́.

Ní ọdún 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní GES. Tẹ́lẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ra fatiláísà tó sì ń pín in, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í dé ọwọ́ àgbẹ̀ gidi. Nínú ètò tuntun náà, àgbẹ̀ á forúkọ sílẹ̀, wọn á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Á mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò oko, á san ìdajì owó àpò fatiláísà méjì, á sì gbé e lọ sílé. Ìjọba ló jẹ ìdajì yòókù.

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe owó ló wà nínú fóònù àgbẹ̀, àṣẹ ni. Nígbà tí onítajà bá gba àṣẹ náà, àkọsílẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ìjọba pé lágbájá ti gba àpò méjì, ìdajì owó rẹ̀ sì wà lọ́rùn ìjọba. Iṣẹ́ ìwé owó orí ẹ̀rọ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìkíní, àwọn alágbàtà dín kù, nítorí orúkọ àgbẹ̀ wà lára gbogbo àpò. Ìkejì, níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, tàbí tí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sílẹ̀ kì í ṣe ti àgbẹ̀ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kò rí ẹni bá. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: owó iṣẹ́ ọdún 2014 pẹ́ gan-an kó tó dé ọwọ́ àwọn tó kó fatiláísà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ti gbé ìwé owó dé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó san kò san lásìkò. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìwé tó yá kì í sọ ẹni tí kò fẹ́ san di ẹni tó ń san. Ohun tó ń ṣe ni pé kò ní rí ibi sẹ́ ẹ.

Ẹ tún rántí oṣù January sí March 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó pépà sì wọ́n. Ẹni tó ní ìrẹsì fẹ́ tà, ẹni tó fẹ́ rà á lówó nínú àkáǹtì, síbẹ̀ ọjà kò rìn. Àwọn tó ti ń gba owó ní báńkì rí díẹ̀ tà, ṣùgbọ́n tíránsífà pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ há sójú ọ̀nà. Nígbà yẹn ni àwọn tó ní ìwé dáadáa mọ ẹni tó ti san àti ẹni tí kò tíì san.

ÒFIN OWÓ ORÍ TUNTUN

Ní 1 August 2025, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé owó orí ẹ̀rọ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ọjà wọn lọ́dún tó 5 bílíọ̀nù náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ títí di 1 November 2025 fún àwọn tí kò tíì ṣe tán. FIRS ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Láti January 2026, ó di Nigeria Revenue Service. Ìwé owó kọ̀ọ̀kan á gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, á gba nọ́ńbà tirẹ̀, á sì ní àmì onígun mẹ́rin dúdú àti funfun tí fóònù lè kà.

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ní sáàrè oko méjì wà nínú èyí? Rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti sóyà lè wà nínú ẹ. Ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ìwé, òun náà á máa bi ẹlòmíràn léèrè ìwé. Àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣékù tí ìwé rẹ̀ bá gún ni wọ́n máa fẹ́ bá ṣòwò.

Ẹ tún mọ èyí: òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 fi owó orí ọjà (VAT) lórí oúnjẹ pàtàkì bíi iṣu, àgbàdo àti ẹ̀wà sí òdo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ VAT lórí iṣu yín.

OWÓ TÍ BÁŃKÌ Ń SAN FÚNRA RẸ̀

Ẹ lè pàṣẹ fún báńkì pé kó máa san iye kan lóṣooṣù, bíi owó ẹgbẹ́ alájẹṣékù tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ, ẹ̀yin lẹ lè dá a dúró. Ẹ sì lè fọwọ́ síwèé pé kí ẹlòmíràn máa yọ owó tirẹ̀ láti inú àkáǹtì yín. Ẹ ka irú ìwé yìí dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ pe ọmọ yín tàbí òṣìṣẹ́ wa tó wà ní àdúgbò yín.

Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀. Láti 1 August 2020, CBN ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI. Bí ẹ bá yá owó ní báńkì kan, tí ẹ fọwọ́ sí i, tí ẹ kò sì san án nígbà tó pé, báńkì náà lè fi BVN yín wá àwọn àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, kó sì yọ owó rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kò lè yá owó ní Dùgbẹ̀ kí ẹ wá lọ fi owó ẹ̀gẹ́ pamọ́ sí báńkì kan ní Ring Road. Nítorí náà, kí ẹ tó yáwó, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó bọ́ sí ìgbà tí irè oko yín ti délé. Bí òjò bá ṣe ségesège, ẹ tètè lọ bá báńkì sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ ṢE

1. Ẹ ya àkáǹtì oko sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé.
2. Ẹ ra ìwé onípépà-méjì, ẹ̀dà kan fún oníbàárà, ẹ̀dà kan fún yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ kó ọjà gan-an.
3. Ẹ sọ fún oníbàárà kó kọ nọ́ńbà ìwé owó síbi tí fóònù ti ń bi í pé kí ni owó náà wà fún. Bí àpẹẹrẹ, "Ẹyin 014." Nípa báyìí, owó àti ìwé á mọ ara wọn.
4. Ẹ má kó ọjà sílẹ̀ nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan. Àwọn jàgùdà ń ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ àti rìsíìtì ayédèrú tó jọ ti báńkì. Ẹ ṣí àkáǹtì yín wò, bóyá ní áàpù, bóyá ní kóòdù báńkì yín. Ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ kí owó tó wọlé àti lẹ́yìn tó wọlé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
5. Ẹ má sọ píìnì yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ oní-P.O.S. tí ẹ mọ̀ dáadáa. Báńkì kì í béèrè píìnì lórí fóònù.
6. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ kó ìwé owó ọ̀sẹ̀ náà jáde, kí ẹ fi wé owó tó wọ àkáǹtì. Èyí tó ti wọlé, ẹ fa igi sí i. Èyí tí kò tíì wọlé, ẹ pe oníbàárà náà.

ÌBÉÈRÈ ÀWỌN ÀGBẸ̀

Ìbéèrè: Fóònù kékeré ni mo ní, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè ṣe é?
Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ ìwé owó sórí pépà, kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ àti àpapọ̀ owó ránṣẹ́ ní àtẹ̀jíṣẹ́. Kóòdù báńkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí owó tó dé fi máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí iye tí a dá?
Ìdáhùn: Báńkì ní owó iṣẹ́ tirẹ̀. Títí di òpin 2025, lọ́wọ́ ẹni tó gba owó ni wọ́n ti ń yọ 50 náírà ti ìjọba lórí tíránsífà tó bá tó 10,000 náírà; láti January 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án. Ẹ bá oníbàárà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ta ni yóò ru èyí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé owó.

Ìbéèrè: Oníbàárà mi á bínú bí mo bá ń kọ ìwé fún un, á ní mi ò fọkàn tán òun.
Ìdáhùn: Ẹ sọ fún un pé ìwé náà ń dáàbò bo òun náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bèèrè owó tó ti san.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Òkè-Àdó. Ká ní nígbà tí ẹyin méjìlá fọ́, ìyá wa ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà: "Ẹyin 12 fọ́, 2,000 náírà ni a yọ," tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ 60,000 náírà kò ní wáyé. Ìyá á gba 298,000 náírà, ọmọ á rí ẹyin tà, àwọn méjèèjì á sì tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bí ohunkóhun kò bá yé yín, ẹ bi òṣìṣẹ́ wa nígbà tó bá wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ mú ìwé owó yín dání, ẹ ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àsẹ̀yìnwá, àsẹ̀yìnbọ̀, owó oko yín kò ní sọnù.